Gẹ̀ẹ́sì Lójú Wàláà

Ní ọdún 2016, bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn mọ́sálásí àwọn Yorùbá ní Kinkinau, ní Kàdúná, kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Ọjọ́bọ̀, yóò gbọ́ ohùn obìnrin mọ́kànlá tó ń lọ sókè, tó ń lọ sódò, bí ìgbà tí àwọn ọmọ kéú bá ń ka Kùránì. Àwọn tó ń kọjá a máa dẹsẹ̀ dúró. Wọ́n ní bàbá àgbà kan tiẹ̀ ń ṣe àmín bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àfi ìgbà tó sún mọ́ fèrèsé tó gbọ́ pé "go, went, gone" ni wọ́n ń pè. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àwọn obìnrin náà ló hun ún fún ẹ̀rín. Ohun tó dájú ni pé ojú wàláà ni wọ́n ti ń kà á, wàláà onígi tí a fi ń kọ́ ọmọ ní kéú. Ẹni tó sì kó wàláà lé wọn lọ́wọ́ ni Ganiat, ọmọ Alfa Àúdù.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni Ganiat lọ́dún yẹn. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Bàbá náà ló dá ilé-kéú sílẹ̀ nínú iyàrá ẹ̀yìn mọ́sálásí, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ọmọ títí ó fi jáde láyé. Ganiat ní tirẹ̀ kàwé olùkọ́ jáde, ó sì ṣe iṣẹ́ náà ní ilé-ìwé aládàáni kan títí ẹni tó ni ilé-ìwé fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Nígbà tó di ọdún 2011, ọkọ rẹ̀ kú. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń rán híjáàbù. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò tún ní í dúró níwájú ẹnikẹ́ni kí òun máa kọ́ ọ ní nǹkan mọ́.

Awáwù ló yí i lọ́kàn padà. Ìyàwó Badrudeen tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni Awáwù, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì bí ọmọ mẹ́ta, Hikmah ni àkọ́bí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní Ungwan Dosa tó máa ń gba obìnrin bíi mẹ́wàá lọ́dọọdún láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ìdánwò wà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Awáwù ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n bi í ní ohun kan náà: kí ló ṣe lánàá?

"Mo ní, 'Yesterday I wake up, I sweep, I go market,'" ló ròyìn fún Ganiat lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá bá a. "Màlámà, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní tí aláìsàn bá ṣubú lóru, tí dókítà dé láàárọ̀, ṣé ohun tí mo máa kọ sínú ìwé ni pé ó ń ṣubú lọ́wọ́? Kí dókítà wá sáré lọ gbé e?"

Màlámà ni gbogbo wọn ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe obìnrin tó bá jẹ́ olùkọ́.

"Kí lo wá sọ fún un?" Ganiat bi í.

"Mo ní, 'No sir, patient fall finish.'"

Ganiat fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ilé ìwòsàn náà kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlógójì. Èyí tó ń bọ̀ yìí ni ìgbà ìkẹyìn fún Awáwù.

Bí kíláàsì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ganiat tọrọ iyàrá ẹ̀yìn mọ́sálásí lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, wọ́n sì fún un ní kọ́kọ́rọ́, nítorí bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, obìnrin mọ́kànlá ló ń wá, gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn. Wọ́n gbọ́ Hausa bí ẹni mumi, wọ́n gbọ́ Yorùbá ilé, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń yí padà ló ń dá wọn lóró. Èyí tí ó ń gba "-ed" kò ṣòro, Ganiat ní kí wọ́n pe ìyẹn ní ọmọlúàbí. Àwọn yòókù ló pè ní olóríkunkun: ọ̀kan jẹ́ "eat" lónìí, tó bá di àná ó ti di "ate", tó bá tún bọ́ sẹ́yìn "have" ó di "eaten".

"Haba, Màlámà," ni Sìdíkátù máa ń wí, ìyẹn obìnrin ẹnu-mímú tó ń ta aṣọ okirika. "Lédè tiwa, mo jẹun lánàá, mo jẹun lónìí, oúnjẹ kan náà ni! Kí ló ń yí padà lẹ́nu òyìnbó?"

"Cut kì í yí padà. Cut, cut, cut."

"Cut yẹn ni ọmọ ìyá mi. Kò fẹ́ wàhálà."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Tó bá di ọjọ́ kejì, kò ní í ku ẹyọ kan lórí wọn. Ganiat ya àtẹ ńlá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó bẹ̀ wọ́n, ó jágbe mọ́ wọn, èyí náà kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan ló wá ń gba iwájú ilé Awáwù kọjá, tó gbọ́ tí ó ń fọ abọ́, tó sì ń ka Yásínì látorí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kọsẹ̀ níbì kankan.

"Ìyá Hikmah, báwo lo ṣe há gbogbo èyí sórí?"

"Wàláà ni o, Màlámà. Bàbá yín ló kọ́ mi. Ṣé ẹ ti gbàgbé?"

Ganiat kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ á fi kálàmù kọ ẹsẹ̀ mélòó kan sójú igi, á máa ké e títí, á wá lọ kà á fún alfa láìwo igi. Bí alfa bá gbà pé ó ti wọ̀ ọ́ lórí ni ọmọ tó láṣẹ láti fọ wàláà rẹ̀, kó kọ òmíràn. Ìwé máa ń dúró síbẹ̀, ènìyàn lè padà sí i nígbàkígbà, orí á sì ya ọ̀lẹ. Wàláà kò gba ìyẹn. Ohun tí ènìyàn bá fọ̀ ti lọ, orí nìkan ló kù sí.

Wàláà mọ́kànlá wà nínú iyàrá náà, lábẹ́ àwọn ẹní àtijọ́. Bàbá rẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀. Ganiat rò ó fún ọjọ́ méjì, ó sì kó wọn jáde láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí a bá fẹ́ máa to àṣìṣe rẹ̀, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ogún bàbá rẹ̀ ni. Kò sì rọrùn láti rí ẹni tó ń fi èédú àti oje igi se tàdáwà ìkọ̀wé bíi ti àtijọ́ mọ́, ló bá lọ ra yíǹkì búlúù inú ìgò lọ́jà, èyí tí wọ́n fi ń tẹ òǹtẹ̀, ó bu omi lù ú.

Ó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe lérò lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ogójì olóríkunkun ti wà lórí àwọn obìnrin náà. Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeé kan, ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ìdánwò dé, Awáwù di ìlà kan mú, kò fẹ́ wọ̀ ọ́ lórí. Ó ń fi "fell" sí ipò "felt", ó ń fi "felt" sí ipò "fallen". Ganiat mú un padà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ooru mú, híjáàbù ẹni ẹlẹ́ni sì wà lórí ẹ̀rọ tó ń dúró dè é.

"Ìyá Hikmah," ó ní, "ó kù kí o mu ún nìyẹn. Tó bá dé inú ikùn, bóyá á jókòó."

Ariwo ẹ̀rín sọ. Sìdíkátù fọwọ́ lu wàláà rẹ̀. "Kai! Tó bá gùfẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa bá jáde!"

Awáwù kò rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó kíyè sí i.

Omi tí a bá fi fọ wàláà kì í ṣe omi ìdànù. Gbogbo ọmọ kéú ló mọ èyí. Wọn kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ohun tó kọ́ jinlẹ̀ lára rẹ̀, mímu ló ń mu ún. Ganiat fúnra rẹ̀ ti mu ún ní kékeré, ó rántí bó ṣe korò díẹ̀ tó sì ń rùn bí ẹ̀fín.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Badrudeen sáré wọ ilé nítorí wọ́n pè é lórí fóònù pé ìyàwó rẹ̀ ń bì. Ó bá a lórí ẹní, ahọ́n rẹ̀ búlúù bí ahọ́n ẹni tó pọ́n aró lá. Ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí. Wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un lóògùn. Dókítà ní ó lè jẹ́ yíǹkì, ó lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ mọ́ínmọ́ín àná tó sọ pé òun jẹ láàárọ̀. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ títí di òní. Àmọ́ ìtàn kò dúró gbọ́ ti dókítà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ láti Kinkinau dé Ungwan Dosa pé ọmọ Alfa Àúdù ń rẹ Gẹ̀ẹ́sì sómi fún ìyàwó oníyàwó mu. Àwọn kan ní Kùránì ló kọ́kọ́ fọ̀ kúrò lójú wàláà kó tó kọ ti òyìnbó lé e. Irọ́ ni. Ọdún méje ni kò ti sí ohunkóhun lójú wàláà wọ̀nyẹn.

Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pè é lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Alhaji Àbáyọ̀mí tó ń ta páànù ni alága. Ahmed, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde ní yunifásítì, ni akọ̀wé. Nínú fàráńdà mọ́sálásí ni wọ́n jókòó sí. Badrudeen dúró lẹ́bàá òpó, ó fi fìlà rẹ̀ dání. Wọ́n ní kí Sìdíkátù náà wá, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí láti inú kíláàsì.

"Ganiat," ni Alhaji wí, "ọmọ alfa ni ọ́. Lórí ọ̀kan nínú wàláà wọ̀nyẹn ni èmi gan-an ti mọ alífù. Kí lo kọ sí i?"

Ganiat wolẹ̀. Ahmed ṣí ìwé kíláàsì kan wò. "Ó wà níbí, Alhaji. Eat, ate…"

"Má kà á níbí!" Alhaji na ọwọ́. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Igi ni, Alhaji," Ahmed rọra wí. "Igi náà kò ṣẹ̀."

"Igi ni, mo mọ̀ pé igi ni. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí igi yẹn. Ṣé igi kan náà tí wọ́n fi ń kan ibùsùn lo fi ń wé e?" Ó yíjú sí Ganiat. "Èmi kò fẹ́ tú ìdílé bàbá rẹ síta. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ìwọ lo fún obìnrin yẹn mu, àbí òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é pẹ̀lú àìmọ̀kan? Bó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá mú kọ́kọ́rọ́ wa wá. Bó bá jẹ́ òun ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn."

Ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn, ó sì rí i kedere. Sìdíkátù ń wò ó. Ganiat mọ ohun tó wà nínú ojú yẹn: ẹnu rẹ̀ ti dì, yóò sì dì bẹ́ẹ̀ títí tí Ganiat bá fẹ́. Ó rántí iyàrá náà. Ó rántí bí ọ̀sán ṣe máa ń gùn tó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kí àwọn obìnrin wọ̀nyí tó dé.

"Mi ò fún un mu, Bàbá," ó ní.

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn téèyàn bá tú u wò. Kò bu omi, kò na ife sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń jáde, ó sì mọ iṣẹ́ tó rán an.

Alhaji mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó wàláà padà, kí wọ́n fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀meje. Kíláàsì lè máa lọ lórí ìwé. Kí Awáwù má ṣe padà síbẹ̀, nítorí òun ló kó ẹ̀gàn bá mọ́sálásí. Ahmed kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé: Awáwù, ìyàwó Badrudeen, àìmọ̀kan. Badrudeen dé fìlà rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìkí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin mẹ́wàá ló wá. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, wọ́n kà á bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nílé òkú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Sìdíkátù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màlámà, ẹ fọkàn balẹ̀. A ò sọ nǹkan kan o. Gbogbo wa pátá."

Ó fi tu Ganiat nínú ni. Ganiat gbìyànjú láti sọ fún ara rẹ̀ pé àwàdà ni òun ṣe, pé àgbàlagbà ni Awáwù, pé ẹni tó bá mu yíǹkì òǹtẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Gbogbo rẹ̀ ló jọ òótọ́. Kò sì sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú wọn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé ló gbọ́ pé Awáwù kò ní í ṣe ìdánwò ọjọ́ Sátidé mọ́. Badrudeen ti gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ohun tó sọ ni pé, ẹni tó dédé mu aró lọ́sàn-án gangan, ṣé òun ni wọ́n fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́?

Ganiat lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì Ọjọ́bọ̀. Kò ṣe kíláàsì lọ́jọ́ náà. Awáwù ń ṣa ẹ̀wà lágbàlá, ó ti rù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé ara ti le?"

"Alhamdulillahi, Màlámà."

Awáwù ń ta òkúta inú ẹ̀wà sápá kan. Lẹ́yìn náà, láìgbé ojú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: go, went, gone, fall, fell, fallen, feel, felt, felt. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò kánjú, ó kà á títí ogójì fi pé. Kò ṣi ẹyọ kan.

"Ṣé o rántí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn?" Ganiat bi í.

"Mo rántí."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún bàbá Hikmah?"

"Tí mo bá sọ, wọ́n á ti iyàrá yẹn pa. Èmi nìkan ni mo mu ún. Àwọn mẹ́wàá ló kù."

"Àwàdà ni mo ń ṣe, Awáwù."

"Mo mọ̀." Ó wá gbé ojú sókè wàyí. "Bàbá yín náà máa ń ṣe àwàdà bẹ́ẹ̀ fún wa. A sì máa ń mu ún."

Ariwo kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Badrudeen wọlé, ó rí Ganiat, ojú rẹ̀ yí padà. Ó kí i bó ṣe yẹ kí ènìyàn kí ẹni tó jù ú lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ganiat dìde. Kò tíì ronú kan ohun tó fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àkókò láti ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Bàbá Hikmah, ẹnu èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Èmi ni mo ní kó mu ún."

Àwọn obìnrin méjì tó ń gúnyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú agbo ilé náà dá ọmọ odó dúró.

"Ẹ tún un sọ," ni Badrudeen wí.

"Mo ní kó mu ún. Níwájú gbogbo kíláàsì. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́."

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, níwájú Alhaji, ẹ ní ẹ ò fún un mu."

"Mi ò fún un mu. Mo mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀."

Badrudeen wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo Ganiat. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo. "Láti ọjọ́ Jímọ̀, mi ò lè gbé orí sókè níbi tí a ti ń to kẹ̀kẹ́. 'Bàbá Gẹ̀ẹ́sì,' bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Mo bi obìnrin yìí léèrè pé ṣé orí rẹ̀ pé, kò dá mi lóhùn. Ohun tí olùkọ́ rẹ̀ pa láṣẹ ló ṣe! Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jáde lọ sídìí kẹ̀kẹ́. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣí àpótí. Ó padà wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù náà, ó ti ká díẹ̀ létí, ó sì gbé e lé orí àtẹ ẹ̀wà níwájú ìyàwó rẹ̀. Awáwù kò fọwọ́ kàn án. Ganiat ló ń wò.

"Ṣùgbọ́n màá lọ sọ fún Alhaji," ni Badrudeen wí. "Orúkọ ìyàwó mi wà nínú ìwé wọn pẹ̀lú àìmọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa á rẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ Sátidé kọjá. Àwọn mẹ́wàá yòókù fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la fún ìgbà ìkẹyìn."

"Rárá o, Màlámà. Ẹ ti jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá lórí tèmi."

Ganiat dágbére fún wọn, ó sì jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ahmed wá gba kọ́kọ́rọ́. Kò fẹ́ wá, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ní òun bá wọn jiyàn títí ohùn òun fi há, pé Alhaji ní kì í ṣe tìtorí wàláà mọ́, pé ọmọ Alfa Àúdù jókòó níwájú òun ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó sì fi ọ̀rọ̀ yí òun lórí. "Ó ní ó dun òun ju ti aró lọ," ni Ahmed wí. Ganiat yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìborùn rẹ̀ níbi tó dì í sí, ó fún un.

Nígbà tí àwọn obìnrin náà dé lọ́sàn-án, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Ganiat ti dúró dè wọ́n níbẹ̀ láti ṣàlàyé. Ó rò pé wọ́n á bínú sí ìgbìmọ̀.

"Ta ló ní kí ẹ lọ sọ ọ́?" ni Sìdíkátù bi í. Kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ rárá. "Ta ló bi yín?"

"Sìdíkátù, Badrudeen kò ní í jẹ́ kí Awáwù ṣe ìdánwò."

"Awáwù nìkan. Àwa ńkọ́? Àwa mẹ́wàá gbé ọ̀rọ̀ yìí mì nítorí yín, ẹ wá lọ bì í síta. Tí n kò bá wọlé lọ́la, ọdún kan ṣoṣo ló kù fún mi. Níbo ni mo ti fẹ́ kọ́ ọ?"

"Ẹ lè máa wá sílé mi."

Wọ́n ń tú ká ní méjì méjì, wọ́n ń fi Hausa bára wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò gbọ́ Hausa.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni èsì jáde. Mẹ́ta nínú àwọn mọ́kànlá ló wọlé, Awáwù sì wà lára wọn. Wọ́n ní bó ṣe jókòó, wọ́n bi í ní ìbéèrè ohun tó ṣe lánàá yẹn náà, ó sì dá wọn lóhùn láìdúró. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá omi tó mu ló ràn án lọ́wọ́, tàbí èyí tó kà lórí àtẹ ẹ̀wà. Àwọn kan ní Kinkinau ti ní ìdáhùn tiwọn. Ganiat gbọ́ ọ, ó sì kọ̀ láti dá sí i.

Sìdíkátù kò wọlé.

Ẹni mẹ́rin ló wá sí kíláàsì iwájú ilé Ganiat ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ku méjì. Nígbà tó yá, ọkọ ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ní kí ó jókòó sílé, èkejì náà kò wá mọ́. Ní ẹ̀yìn mọ́sálásí, ẹní àti ìkòkò ìdáná ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú iyàrá náà báyìí. Awáwù máa ń yà kí Ganiat ní ọjọ́ Sọ́ńdè, á jókòó díẹ̀, á ròyìn àwọn aláìsàn rẹ̀. Ganiat á gbọ́, á dúpẹ́. Ó wà lára ohun tó ń dùn mọ́ ọn, kò sì lè sọ pé ó tó.

Ní oṣù kẹjọ, Sìdíkátù gbé híjáàbù méjì wá láti rán etí wọn. Ó dúró, kò jókòó. Ganiat rán èkínní, ó rán èkejì. Nígbà tó ká wọn fún un, ó ní:

"Fọ́ọ̀mù á tún jáde ní oṣù kìn-ín-ní. Tí ilé mi bá jìnnà, mo lè máa wá bá ẹ nílé tìrẹ. Ìwọ nìkan náà ti tó."

Sìdíkátù yẹ ojú rírán wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi èékánná fa òwú ibì kan wò bóyá á tú. Kò tú.

"Ẹ jẹ́ kí n bi bàbá àwọn ọmọ," ó ní, ó sì lọ.

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ti ń parí lọ. Sìdíkátù kò tíì mú èsì wá. Ganiat gé pépà sí wẹ́wẹ́, ó ti kọ ogójì náà sí i pẹ̀lú ọwọ́, ó tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, kó lè wà nítòsí bí ẹnikẹ́ni bá yà.